Fèrè Méjì Nínú Àwo Kan: E.T. Mensah, Victor Ọláìyá àti Ọ̀nà Accra sí Èkó

Àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Kokomlemle níhìn-ín ní kí n yan olórin kan àti àwo orin kan tó tọ́ mi dàgbà, kí n sì sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wù mí ni. Olórin tí mo yàn ni Emmanuel Tettey Mensah, ọmọ Accra níhìn-ín, tí ayé mọ̀ sí E.T. Mensah. Àwo tí mo yàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òun àti Dókítà Victor Ọláìyá ni wọ́n jọ ṣe é ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Polydor ló gbé e jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni Highlife Giants of Africa.

Ìdí tí mo fi yàn án nìyí. Ní 1969, ìjọba Gánà lé àwọn ará Nàìjíríà kúrò nílẹ̀ yìí. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà kúrò lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì tún lé wọn lẹ́ẹ̀kejì ní 1985. Láàárín àwọn ọdún 1980 kan náà ni bàbá kan láti Accra àti ọ̀gá kan láti Èkó jókòó ti ara wọn, tí wọ́n gbé fèrè sẹ́nu, tí wọ́n tún orin ìgbà ọ̀dọ́ wọn fọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Accra, tí ìlú méjèèjì ń bi léèrè pé ọmọ ta ni, àwo yẹn ló kọ́kọ́ fi yé mi pé mi ò ní láti yan ọ̀kan kí n kọ èkejì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1919 ni wọ́n bí i sí Ussher Town, létí òkun. Ní ilé ìwé ìjọba ní James Town ló ti kọ́ fèrè kékeré, nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Joe Lamptey ń darí. Nígbà tó yá, òun àti Yebuah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Accra Rhythmic Orchestra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oògùn ló kọ́ ní tirẹ̀. Apòògùn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń po oògùn fún aláìsàn lọ́sàn-án, tó sì ń fọn fèrè fún oníjó lálẹ́, mo sì gbà pé iṣẹ́ ọ̀sán yẹn hàn nínú orin rẹ̀. Kì í da nǹkan pọ̀ jù. Ohun tó bá yẹ ló ń fi sí i, á sì mọ ìgbà tó tó.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Accra kún fún ọmọ ogun òyìnbó, àwọn yìí sì ń fẹ́ orin tí wọ́n lè jó ijó tiwọn sí. Láàárín wọn ni ẹgbẹ́ Tempos ti bẹ̀rẹ̀. Bí ogun ti ń tán tí wọ́n ń padà sílé wọn, àwọn ọmọ ìlú ń gba ipò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹgbẹ́ náà fi di ti ọmọ ìlú pátápátá. Mensah wọ inú rẹ̀ ní 1947. Nígbà tó fi máa di 1948 ó ti di olórí wọn. Guy Warren, onílù tí a wá mọ̀ sí Kofi Ghanaba, wà pẹ̀lú wọn. Ó ti Lọ́ńdọ̀nù gbé ìlù bóńgò àti ìlànà orin àwọn ará Kúbà bọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ni Tempos lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ti wà ṣáájú wọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí etí lè gbọ́ olúkúlùkù wọn: fèrè tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì níwájú, saxophone tó ń dá a lóhùn, gìtá, báàsì tí wọ́n ń fi ìka ta, àti ìlù nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń kọ orin wọn, èyí tí à ń pè ní háíláìfù, ní Ga, ní Twi, ní Fante, ní Ewe àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1952 wọ́n gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Decca, All For You sì wà lára ohun tó jáde. Nígbà tí Louis Armstrong dé sí Accra ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, orin yẹn ni àwọn olórin ìlú kó ara wọn jọ láti fi pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin Mensah kì í sábà mẹ́nu bà. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ńlá. Kò ní ohùn bíi ti àwọn tí ń kọrin tí ògiri ń mì. Ó ń kọrin bí ẹni tó jókòó tì ọ́ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́. Èyí wú mi lórí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí àwọn àgbàlagbà tó yí mi ká, Yorùbá àti Ga, aláriwo ni gbogbo wọn, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ó tún mọ bí a ṣe ń fàyè gba ẹlòmíràn. Julie Okine, tó wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ dúró síwájú ẹgbẹ́ háíláìfù ńlá kọrin, abẹ́ ọ̀dọ̀ Mensah ló ti ṣe é.

Ní 1950 ni Tempos kọ́kọ́ gbéra lọ sí Nàìjíríà. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀ nìyí, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní orin Nàìjíríà lónìí, ibẹ̀ ni okùn rẹ̀ ti so. Nígbà náà, ẹgbẹ́ tó lóòókọ jù ní Èkó ni ti Bobby Benson, ẹni tó ti òkè òkun dé. Orin swing, orin ijó àwọn òyìnbó, ni wọ́n fi ń dá àwọn ènìyàn lára yá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tempos wá dé, wọ́n gbé àwọn irinṣẹ́ kan náà lọ́wọ́, wọ́n wọ irú aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu fèrè wọn jẹ́ ohun tí ìyá àgbà tó ń ta ẹja lè jó sí láìkọ́ ijó kankan. Àwọn olórin Èkó gbọ́ ọ, wọ́n sì yí padà. Kò pẹ́ tí Bobby Benson náà fi di ògbóǹtarìgì nínú háíláìfù. Ta ni kò mọ Taxi Driver? Mensah kò sì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kì í sì ṣe Èkó nìkan ló ti fọn fèrè.

Lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ọ̀dọ̀ Bobby Benson jáde ni Victor Ọláìyá. Calabar ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì ni. Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ti gbà á wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ní fèrè ni òun fẹ́. Ní 1954 ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yàn láti ṣeré níbi ijó ìjọba. Òun náà ni wọ́n pè nígbà òmìnira ní 1960. Fela kọrin lábẹ́ rẹ̀. Tony Allen lùlù fún un. Ẹni tó bá ti rí i lórí ìtàgé rí kò ní gbàgbé áńkáṣíìfù funfun ọwọ́ rẹ̀. Àti òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé láti Accra ni iná tí wọ́n fi ń dáná ti wá.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà níjòókòó fọkàn sí i pé kì í ṣe pé Nàìjíríà jókòó kí Gánà wá kọ́ ọ ní nǹkan. Orin náà kò ní onílé kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló gbé ọgbọ́n fífi ìka méjì ta gìtá kiri gbogbo etíkun. Ní 1928, Kumasi Trio gba Yaa Amponsah sílẹ̀ fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, títa gìtá inú orin yẹn sì di ohun tí àwọn onígìtá Èkó ń lò nínú jùjú. Yabonsa ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Nàìjíríà gba háíláìfù, Roy Chicago ti gángan bọ̀ ọ́. Ọ̀nà náà ní àlọ, ó sì ní àbọ̀.

Ìdílé tiwa náà rìn ní ọ̀nà yẹn. Kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Accra New Town, Lagos Town ni àdúgbò tó wà lókè Kokomlemle yìí ń jẹ́, àwọn ènìyàn wa ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Gánà tó bí 100,000. Wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n ti Ìgbẹ́tì wá, Ṣakí, Ìgbòho, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìnísà. Kò sí ọjà tí ẹ dé, láti Accra títí dé Tamale, tí ẹ kò ní bá obìnrin wa kan lẹ́yìn igbá àti ọkùnrin wa kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Bàbá mi ń ta aṣọ àti ẹ̀rọ kéékèèké, ó sì gba ilé sí Kokomlemle lọ́dọ̀ bàbá Ga kan tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Ataa. Owó tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé, àwo orin ni bàbá mi fi ń rà. Àwo dúdú àtijọ́ ni wọ́n, èyí tó máa ń fọ́ bó bá já bọ́, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kì í gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mensah ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí kò nílò kí n sọ bó ṣe rí. Àwọn ènìyàn ta ilé, ta ọjà, ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní iye tí ẹni tó ń rà á bá ṣáà ti dá. Àwọn mìíràn kò rí i tà rárá. Bàbá mi kó ẹrù tí ọkọ̀ gbà, ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń pe òun àti irú rẹ̀ ní "ará Gánà". Ìyá mi dúró pẹ̀lú àwa ọmọ, nítorí Ga ni ìyá tó bí òun. Àpótí àwo orin kò ṣeé gbé lórí ọ̀nà tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ataa ni bàbá mi fi í sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí bàbá mi tó tún fẹsẹ̀ tẹ Accra, lẹ́yìn tí ìjọba Busia ti lọ. Mo ti tó ọmọ tó lè rántí nǹkan. Ataa mú un wọ yàrá rẹ̀. Àwọn àwo náà wà lábẹ́ ibùsùn, wọn ò dọ̀bálẹ̀ lórí ara wọn. Ńṣe ni Ataa tò wọ́n lóròó, tó fi páálí tín-ínrín tẹ́ àárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹnì kan ti sọ fún un pé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ooru á tẹ̀ wọ́n. Ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì da ewé gbígbẹ kan tí kòkòrò kì í fẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ọ̀kan ṣoṣo ló la. Ataa bẹ bàbá mi nítorí ọ̀kan yẹn bí ẹni tó pa ẹran ẹlẹ́ran. Àṣẹ ìjọba dé ẹnu ọ̀nà Ataa nígbà náà bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn, ohun tí òun sì ṣe nípa rẹ̀ ni pé ó tọ́jú àpótí àlejò.

Bí èmi ṣe dé ọ̀dọ̀ E.T. Mensah nìyí, nínú àwọn àwo tó dàgbà jù mí lọ. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ti bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tiwa ń gbọ́ Bob Marley, wọ́n ń gbọ́ Fela. Orúkọ Fela alára ní ìtàn tirẹ̀ nílùú yìí: ó wá sí Accra ní 1967, ìgbà tó ń wá ohùn tirẹ̀, ó tún padà wá lẹ́yìn tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ ní 1977, ìjọba ìgbà náà sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ wọ Gánà mọ́. Ẹ rí i pé lílé ara ẹni yìí kò mọ sórí oníṣòwò.

Lẹ́yìn náà ni 1983 dé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ni ìjọba Shagari ní Nàìjíríà kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ará Gánà tó ń padà bọ̀ wálé tó bí mílíọ̀nù kan. Ìjọba wa ti ti ààlà Togo láti ọdún tó ṣáájú, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló há sí Sèmè àti Kútọnu, lójú oòrùn, kí wọ́n tó ṣí i. Ní Accra, ibi ìpàtẹ ọjà ní La ni wọ́n ti ń gbà wọ́n. Olùkọ́, káfíńtà, aránṣọ, ọmọge tó lọ ṣiṣẹ́ ilé oúnjẹ: gbogbo wọn dé pẹ̀lú báàgì onílà tí Nàìjíríà sọ ní Ghana Must Go. Òjò kọ̀, iná ń jó oko, kẹ̀ńkẹ́ di ohun tí a ń tò fún. Eegun ọrùn gbogbo ènìyàn yọ síta, wọ́n sì ń fi orúkọ olórí ìjọba wa pè é ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Òfin kónílé-ó-gbélé ti wà láti 1982, ilé ijó alẹ́ tó wà ní agbègbè Circle sì dákẹ́, nítorí ẹni tó bá jáde lálẹ́ lè má padà wálé. Háíláìfù orí ìtàgé, tó jẹ́ pé alẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ìgbà náà ló rẹ̀ jù. Àwọn olórin wa ti wà ní Èkó tẹ́lẹ̀ nítorí owó epo, Èkó sì ń lé wọn.

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn ti Nàìjíríà dé lọ́wọ́ òfo ń wo èmi tí orúkọ mi jẹ́ ti Yorùbá. N kò dá wọn lẹ́bi. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n fi wo bàbá mi ní 1969, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ni.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà là, àbúrò bàbá mi kan tó ń gbé ní Mushin ní Èkó fi ẹrù ránṣẹ́. Aṣọ wà nínú rẹ̀, oògùn wà nínú rẹ̀, àwo ńlá tuntun kan sì wà láàárín aṣọ méjì. Bàbá mi ka orúkọ Mensah lára rẹ̀, ó ka ti Ọláìyá, ó tún ka ti Mensah. Ó ní kí n lọ pe Ataa.

A ní ẹ̀rọ àwo-orin kan tó ń lo bátìrì, èyí tó gbà wá púpọ̀ nígbà náà, nítorí omi Akosombo ti fà, iná mànàmáná sì di ìpín-ìpín. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó sórí àga gígùn kan náà. Mo fi abẹ́rẹ́ lé àwo. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí orin náà ṣe ní àyè tó. Àwo àtijọ́ máa ń sáré nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó nǹkan. Lórí àwo ńlá yìí, fèrè lè sọ̀rọ̀ kí ó sinmi, kí èkejì dáhùn. Mo gbìyànjú láti dá wọn mọ̀. Létí tèmi, fèrè Ọláìyá mú, ó ń wọlé pẹ̀lú ìgboyà ẹni tí ilé rẹ̀ là ń jó sí. Fèrè Mensah rọ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, bí àgbà tó ń jẹ́ kí ọmọdé parí ọ̀rọ̀. Mensah ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó kọ́ Èkó ní orin yìí ní 1950 ló tún padà lọ bí àlejò, sí ilẹ̀ tí ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá kéré sí i ti di ọ̀gá. Kò bá a díje. N kò gbọ́ ibì kankan nínú àwo náà tí ó ti ń wá ọ̀nà láti fi hàn pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọláìyá náà kò fọn ju àlejò rẹ̀ lọ. Títí di òní, ìwà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀, kí n tó gbọ́ orin.

Bàbá mi àti Ataa kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Ataa ní orin kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn apẹja Ga, pé kí wọ́n tó bí òun ni wọ́n ti ń kọ ọ́ létí òkun. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé Èkó ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, níbi ìgbéyàwó, kí òun tó mọ ọ̀nà Gánà rárá. Ataa fi Ga kọ ọ́. Bàbá mi fi Yorùbá kọ ọ́. Wọ́n ní kí n gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn kí n tún orin náà fi sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń na ìka sókè níbi tí ó ti rò pé ẹ̀rí òun wà. Bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó jáwọ́, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Èmi ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì mọ̀ pé orin kan náà ni wọ́n ń kọ, àti pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun dídáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ ilé ìwé wa bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Wọ́n bá ní ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Kokomlemle sì ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo orin jọ tèmi. Mo kọ́ gìtá díẹ̀, kò sì lọ jìnnà. Nígbà tí RetroAfric tún àwọn orin àtijọ́ Mensah gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1986, tí John Collins sì kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún kan náà, mo ti mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe ni láti máa kọ̀wé nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mensah kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 1996. Ọláìyá tẹ̀lé e ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2020. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní 1995, Joy FM bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ní Kokomlemle wa níhìn-ín náà ni wọ́n wà. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ wa kò nílò àbúrò bàbá ní Mushin kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí Èkó ń jó. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ló kọ́kọ́ da orin Accra àti ti Èkó pọ̀. Wizkid, ọmọ Èkó, ṣe orin azonto, ijó àwọn ọmọ Gánà, ní 2012. Mr Eazi, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí yunifásítì ní Kumasi, sọ orin rẹ̀ ní Banku Music. Bí oṣù kejìlá bá ti dé, àwọn ọmọ Èkó á kún Accra bí ìgbà ọdún eégún. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ yẹn, àwọn kan ti là á fún wọn, pé àwọn ìjọba ti gbìyànjú láti dí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé àwọn olórin kò gbà.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí, kí n tó jókòó. Àwo orin wà nínú àwọn ilé wa ní New Town, ní Nima, ní Kokomlemle yìí. Mo mọ̀, nítorí mo ti rí nínú wọn. Ilé ìpamọ́ orin Bokoor tí John Collins dá sílẹ̀ ní 1990 wà lójú ọ̀nà omi nígbà òjò oṣù kẹwàá ọdún 2011, ẹ̀kún omi sì ba ohun púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú àwo àtijọ́ ní Cape Coast ti sa ipá tiwọn, ọwọ́ wọn kò sì lè ká gbogbo rẹ̀. Ẹ má ta tiyín fún àwọn tó ń ti òkè òkun wá rà á ní ẹ̀dínwó. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń ta á. Ẹ tò ó lóròó. Kí ẹ sì mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà á sí i, ìlú tó ti rà á, ọdún tó rà á, àti ẹni tó bá yín tọ́jú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti sá fi í sílẹ̀ rí. Kí ẹ fi bébà náà sínú páálí àwo, kí ọmọ tó bá jogún rẹ̀ lè kà á. Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ti ní àwọn yóò wá ẹ̀rọ tí a ó fi da orin wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti gbà láti bá wọn kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Ga. Àpótí bàbá mi ni a ó kọ́kọ́ ṣí, pẹ̀lú àwo Polydor yẹn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó rí mi lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ti ń jáde.